Ọdún Tí Tẹlifóònù Di Méjì Ní Àdúgbò Wa

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bí ilé wa ní Bódìjà ṣe rí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ariwo rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Ìgbálẹ̀ ló ń jí wa, ṣàà, ṣàà, lórí kọnkéré iwájú ilé, nítorí màmá mi gbà pé ilé tí a kò bá gbá kí oòrùn tó yọ ti pàdánù ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn ìgbálẹ̀, omi ẹ̀rọ á máa kùn nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, èmi ni mo sì ń dúró tì í kó má baà kún dànù. Lẹ́yìn omi, ẹ̀rọ ìránṣọ Àǹtí Bísí, àbúrò bàbá mi obìnrin, á bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní yàrá ẹ̀yìn. Kí ògì àárọ̀ tó jinná, agogo àdúrà Ìyá Àgbà á ti dún lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá Àgbà ló bí bàbá mi àti Àǹtí Bísí, ìyá àdúrà ni wọ́n nínú ìjọ aláṣọ funfun kan, bí wọ́n bá sì ti mi agogo yẹn, kò sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ húkọ́. Ariwo kan ṣoṣo ló ju agogo náà lọ. Bí òun bá dún, ìgbálẹ̀ á dúró, omi á kún dànù, ẹ̀rọ ìránṣọ á dákẹ́, Ìyá Àgbà fúnra wọn á sì já àdúrà sí méjì, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á ní, “Olúwa, mò ń bọ̀,” wọ́n á sì sáré wọlé. Tẹlifóònù ni.

Kì í ṣe pé a lówó ju àwọn aládùúgbò wa lọ. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fa omi ẹ̀rọ fún ìlú, ibi iṣẹ́ ló sì bá wọn gba tẹlifóònù náà, kí ọ̀gá wọn lè rí wọn pè bí páìpù ńlá bá bẹ́. Nígbà náà, ìjọba nìkan ló ni gbogbo wáyà tẹlifóònù. Bí o bá fẹ́, o ó kọ̀wé, o ó sì dúró. Ẹni tó kọ̀wé nígbà tó gbéyàwó lè bímọ, kí ọmọ náà rìn, kó bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó wá gbẹ́ ihò òpó. Torí náà, láti ìkòríta títì wa títí dé ọ̀nà tó lọ sí ọjà, tiwa nìkan ló ń dún. Dúdú ni, ó wúwo bí ọmọ ọlọ, wọ́n gbé e ka orí àpótí, wọ́n fi aṣọ tí Àǹtí Bísí hun bò ó. Ìyá Àgbà sì fi àgádágodo kékeré kan há ihò àwo róbótó tí a ń fi ìka yí, kí ẹnikẹ́ni má baà pe èèyàn lẹ́yìn wọn. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbélébùú.

Ẹni tó bá fẹ́ pè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí wọn dáadáa. Lẹ́yìn ìkíni, yóò sọ ẹni tó fẹ́ pè àti ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn ìdí, àdúrà. Wọ́n ń gbàdúrà fún wáyà, fún òpó, fún ẹni tó wà lọ́hùn-ún kó má ti jáde. Kò sì parí síbẹ̀. Bí ìpè bá wọlé tán, Ìyá Àgbà á jókòó ti ẹni náà, wọ́n á máa dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo rántí ọjọ́ tí Tíṣà tó ń gbé ilé kẹta wá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èkó pé ìyàwó òun ti bí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin ló bí o!” ni Tíṣà ń kígbe.

“Sọ fún un pé ó jọ bàbá yín,” ni Ìyá Àgbà wí.

“Ẹ ò tíì rí ọmọ náà, Mà.”

“Ta lo wá fẹ́ kó jọ? Sọ fún un jàre, kínú ẹ̀ dùn.”

Tíṣà sọ ọ́. Kí ló fẹ́ ṣe? Ibo ló fẹ́ yà sí? Mo ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn pàdé láyé tí wọ́n wà nípò àṣẹ, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó gbádùn rẹ̀ tó ìyá yìí, kì í sì í ṣe ìwà ìkà. Wọ́n fẹ́ràn èèyàn ni. Tẹlifóònù yẹn ló ń kó èèyàn wá bá wọn.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń ni lára jù ni Àǹtí Bísí. Òun ni àbígbẹ̀yìn Ìyá Àgbà, kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ̀ kí n máa bá òun sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀, ó ní mo fẹ́ sọ òun di arúgbó. Ó ní ọkùnrin kan tó fẹ́ràn, Bọ̀dé, tí wọ́n pàdé nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Ring Road. Iṣẹ́ gbé Bọ̀dé lọ sí Kàdúná kó tó ráyè wá fojú han nílé wa, ìsinmi rẹ̀ sì di ìparí ọdún. Ọgbọ́n tó kù fún un ni pé, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, á lọ tò nílé ìfìwéránṣẹ́ níbẹ̀, á ní kí wọ́n bá òun pe Ìbàdàn. Bó bá wọlé, Ìyá Àgbà ló ń gbé e. Bọ̀dé á ní, “Ẹ káàsán, Mà.” Ìyá Àgbà á bi í pé, “Ṣé orí ìdúró lo ti ń kí mi ni?” Kó tó fèsì, wọ́n á ní Bísí ò sí nílé, wọ́n á sì gbé tẹlifóònù kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ Bísí wà níbẹ̀, nínú yàrá kan náà, tó ń wò wọ́n. Bó bá sunkún, ìdáhùn kan náà ni: “Ohùn kì í dọ̀bálẹ̀. Ẹni tí mi ò rí àyà ẹ̀ nílẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣé o ò rí ọmọ Bàbá Ìjọ ni?” Ọmọ Bàbá Ìjọ yìí, láti àdúgbò Challenge ló ti ń wá ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, á sì na gbalaja síwájú Ìyá Àgbà kó tó bọ́ bàtà tán. Wọ́n ti ṣèlérí fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé bí ìkórè ìjọ bá ti parí, àwọn á fún wọn lésì lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó Bísí. Ìkórè ku oṣù mẹ́ta, Àǹtí Bísí sì ti ń rù.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ fi wá gbẹ́ ihò òpó síwájú ilé Àlàájà. Ilé wọn kọjú sí tiwa gan-an. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá, ẹ̀wà ni wọ́n ń kó wá láti òkè Ọya, wọ́n sì ń gbọ́ Hausa bí ẹni pé Sábó ni wọ́n bí wọn sí. Ọkọ wọn ti kọ̀wé béèrè tẹlifóònù láti ìgbà tí n kò tíì mọ̀wé kà. Wọ́n ti gbàgbé pé àwọn béèrè. Àwọ̀ ewé ni tiwọn. Àlàájà ò fi àgádágodo kankan sí i. Wọ́n gbé e sí ẹnu fèrèsé tó kọjú sí títì, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì sábẹ́ igi mángòrò, wọ́n ní kí ẹni tó bá ń dúró máa mu omi tútù láti inú fíríìjì. Wọn kì í béèrè ìdí, wọn kì í gbàdúrà. O ó kàn ní, “Àlàájà, ẹ kúulé o,” o ó sì máa yí nọ́ńbà rẹ. Nígbà tí màmá mi sọ fún wọn pé inú Ìyá Àgbà lè má dùn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ṣebí ọ̀nà kan ò wọjà.”

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, Ìyá Àgbà ò kà á sí. Wọ́n ní nǹkan tuntun ni, ojú àwọn èèyàn á wálẹ̀ láìpẹ́. Wọ́n gbàdúrà wọn, wọ́n jókòó ti tẹlifóònù, ẹnikẹ́ni ò wá. Tíṣà kọjá, ó kí wọn tọ̀yàyàtọ̀yàyà látorí títì, ó sì yà sọ́dọ̀ Àlàájà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá lẹ́yìnkùlé wa pàápàá, àwọn tí Ìyá Àgbà ń fún ní ọbẹ̀, gba ẹ̀gbẹ́ ilé yọ́ jáde. Mo ṣì ń rí Ìyá Àgbà lójú ọkàn mi, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, tí wọ́n ń nu eruku lára tẹlifóònù tí kò ní eruku. Àánú wọn ṣe mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ara mi tún ń yá gágá, torí mo mọ ìyá mi àgbà. Wọn kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fọwọ́ rọ́ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìdíje bẹ̀rẹ̀. Àdúrà oníṣẹ́jú mẹ́wàá di gbólóhùn kan: “Olúwa, jẹ́ kó wọlé, Àmín.” Wọ́n gbé àga onítìmùtìmù bàbá mi síwájú tẹlifóònù, wọ́n ń kígbe sí títì pé, “Ta ló ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó wá gbabẹ́rẹ́?” Àlàájà tẹ́ ẹní sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fi abẹ̀bẹ̀ sí i. Ìyá Àgbà yan ẹ̀pà. Àlàájà gbé síléètì ńlá kan kọ́ sára ògiri, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà tẹlifóònù wọn sí i gàdàgbà, kí gbogbo àdúgbò lè fún àwọn èèyàn wọn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ iṣẹ́ tí wọ́n bá rán sí ẹni tí kò sí nílé. Odidi ọjọ́ méjì ni Ìyá Àgbà fi wo síléètì yẹn. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gbé agogo àdúrà jáde. Bí ẹnìkan bá pe Tíṣà, wọ́n á lù ú lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì. Bó bá jẹ́ ìyá tó ń dín àkàrà ní ìkòríta, ẹ̀ẹ̀mẹta. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo títì ti mọ iye tiwọn. Mo rí ìyá alákàrà tó fi epo gbígbóná sílẹ̀ lórí iná, tó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó pa wá lẹ́rìn-ín jù ni ọjọ́ tí Ìyá Àgbà ta kọ́tíìnì sí iwájú tẹlifóònù, wọ́n ní kí oníkálukú máa sọ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀. Màmá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú, torí ẹ̀yìn kọ́tíìnì náà gan-an ni Ìyá Àgbà gbé àpótí ìjókòó wọn sí.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí ìjọba ṣílẹ̀kùn kí àwọn iléeṣẹ́ mìíràn náà máa ta tẹlifóònù, tí wọ́n ń lé wa kiri ní Dùgbẹ̀ pé ká wá gba nọ́ńbà, tí wọ́n ń fún wa ní fìlà àti agbòòrùn, ọmọ mi bi mí bóyá kò yà mí lẹ́nu. Mo ní rárá, mo ti jẹ ẹ̀pà rẹ̀ ní Bódìjà. Wáyà ìjọba kan náà ló wọ ilé wa àti ilé Àlàájà, kò sí èyí tó mọ́ ohùn ju èkejì lọ. Ohun tó yí padà ni pé ẹni tó fẹ́ pè ti rí ibòmíràn yà sí, ìyẹn nìkan sì tó láti jẹ́ kí ọpọlọ ìyá ẹni àádọ́rin ọdún máa ṣiṣẹ́ bíi ti ọmọdé.

Àárín gbogbo fàájì yìí ni mo ti dalẹ̀ Ìyá Àgbà. Ọjọ́ Sátidé kan ni, Ìyá Àgbà ń wẹ̀, tẹlifóònù sì dún. Mo gbé e. Bọ̀dé ni. Ó ní, “Jọ̀ọ́, ìwọ ọmọ yìí, ṣé Bísí wà láàyè?” Bó ṣe béèrè rẹ̀ gún mi lọ́kàn. Mo yíjú sí fèrèsé. Ní òdìkejì títì, lára ògiri Àlàájà, nọ́ńbà náà wà níbẹ̀ gàdàgbà, mo sì ń kà á láti ibi tí mo dúró sí. Mo kà á fún un lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, “Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa pè, wọn kì í béèrè ìdí,” mo sì gbé e kalẹ̀ bí ìlẹ̀kùn balùwẹ̀ ṣe ń ṣí. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn lọ, ìfẹ́ àwọn ará Ìsẹ́yìn dédé wọ Àǹtí Bísí lọ́kàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ Àlàájà ní gbogbo Sátidé. Á lọ ní ìbànújẹ́, á dé pẹ̀lú orin lẹ́nu. Ó padà sanra díẹ̀. Ìyá Àgbà wò ó títí, wọ́n ní, “Bísí, láti ìgbà wo ni Àlàájà ti di ìyá ẹ?” Àǹtí Bísí sáré padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Èmi náà sáré lọ wo bọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò sí omi kankan nínú rẹ̀.

Nígbà tí ìkórè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òjò kan rọ̀ tó já ẹ̀ka igi lu òpó tiwa. Tẹlifóònù Ìyá Àgbà kú. Òpó Àlàájà ò ṣe nǹkan kan. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ó máa tó ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn tó dé, Ìyá Àgbà sì fi kọ́tíìnì bo tẹlifóònù náà pátápátá bí ẹni bo òkú. Agogo dákẹ́. Wọn ò jáde sí iwájú ilé mọ́. Ọmọ Bàbá Ìjọ wá lọ́jọ́ Àìkú, ó dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kó dìde láì tilẹ̀ wò ó. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, ibi tí a ti ń ṣa ẹ̀wà fún oúnjẹ ọ̀sán ni a ti rí Àlàájà tí wọ́n ń sọdá títì. Wọn kò tíì wá sílé wa láti ìgbà tí wọ́n ti gba tẹlifóònù. Wọ́n kúnlẹ̀ fún Ìyá Àgbà.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹnìkan wà lórí tẹlifóònù mi. Ẹ̀yin ló fẹ́ bá sọ̀rọ̀.”

“Èmi? Ta ló mọ̀ mí dé ọ̀dọ̀ ẹ?”

“Láti Kàdúná ni, Mà. Ó ní òun ò béèrè Bísí lónìí.”

Orí Àǹtí Bísí wọlẹ̀ sínú àtẹ ẹ̀wà. Mo rò pé Ìyá Àgbà ò ní lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n so ìró wọn le, wọ́n wọ sálúbàtà, wọ́n sì sọdá títì náà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Tíṣà tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì dìde fún wọn bí ẹni tí iná jó. Wọ́n gbé tẹlifóònù. Ìyá Àgbà kì í lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí, wọ́n máa ń gbé e jìnnà díẹ̀, torí náà gbogbo wa ń gbọ́.

“Mo dọ̀bálẹ̀ o, Mà,” ni Bọ̀dé wí. Ohùn rẹ̀ ń ti ìsàlẹ̀ wá, bí ẹni tí nǹkan tẹ̀ láyà.

“Irọ́! O dúró.”

“Mo wà nílẹ̀ pósọ́fíìsì, Mà. Ẹ bi ẹni tó wà lẹ́yìn mi.”

Ohùn ọkùnrin mìíràn wọlé, Hausa ló ń sọ. Ìyá Àgbà na tẹlifóònù sí Àlàájà bí ẹni na ẹ̀sùn sí adájọ́. Àlàájà gbà á, wọ́n bi ọkùnrin náà ní ìbéèrè, ó dáhùn, wọ́n tún bi í. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí wa, ojú wọn kún fún ẹ̀rín.

“Ìyá, ó ní ó sùn gbalaja. Ó ní àyà ẹ̀ kan sìmẹ́ńtì, wáyà tẹlifóònù náà sì ń fà á lọ́rùn. Gbogbo èèyàn tó tò ló ń wò ó.”

“Kí ló wọ̀?”

Àlàájà béèrè. “Ó ní funfun ni. Funfun láti òkè délẹ̀.”

“Aṣọ funfun!” Ìyá Àgbà, tó jẹ́ pé ọjọ́ ayé wọn ni wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, di orí mú. “Lórí ilẹ̀ pósọ́fíìsì! Gbé e fún mi, gbé e fún mi kíá.” Wọ́n gba tẹlifóònù padà, wọ́n la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ìpè sì já. Wọ́n kígbe “Ẹ̀lóò” lẹ́ẹ̀mẹfà. Kò sí ohùn.

A rò pé inú ló ń bí wọn. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì Àlàájà, àárín Tíṣà àti ìyá alákàrà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lu orúnkún. “Mi ò tíì ní kó dìde,” ni wọ́n ń wí. “Ọmọ ọlọ́mọ wà nílẹ̀, mi ò tíì ní kó dìde.” Àlàájà ní, “Ìyá, ó ti dìde fúnra ẹ̀.” Ìyá Àgbà wò wọ́n tìyanutìyanu. “Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, tí àgbà ò ní kó dìde, nílẹ̀ ló ṣì wà.” Nígbà tí a délé, wọ́n béèrè ẹni tó fún un ní nọ́ńbà Àlàájà. Mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni. Wọ́n na ọwọ́ sí etí mi, mo ti ń sunkún sílẹ̀ de ìrora, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ọrùn wọn ni wọ́n ń bọ́. Wọ́n ṣí àgádágodo náà, wọ́n sọ ọ́ sínú àpótí aṣọ, n kò sì rí i mọ́ láti ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ọmọ Bàbá Ìjọ dé láti Challenge, wọ́n ní kó bá àwọn kí àwọn òbí rẹ̀ dáadáa, kó má ṣe da ara rẹ̀ láàmú mọ́, àwọn ní ẹnìkan nílẹ̀.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Ìyá Àgbà ń lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì Àlàájà, bóyá Bọ̀dé lè pè kó tó di Sátidé. Àwọn méjèèjì jọ ń jẹ ẹ̀pà, wọ́n jọ ń dá sí ìpè àwọn ẹlòmíràn, mo sì rò pé àwọn tó ń pè ní àsìkò yẹn rí nǹkan. Lọ́jọ́bọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ wá gbé òpó wa nàró. Ìyá Àgbà ò tilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ Sátidé, mo wà nílé, Àǹtí Bísí ń rán aṣọ, Ìyá Àgbà wà ní òdìkejì títì lórí bẹ́ǹṣì, ojú wọn kò kúrò lára tẹlifóònù aláwọ̀ ewé. Bẹ́ẹ̀ ni tiwa dún. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Mo yọjú lójú fèrèsé, Ìyá Àgbà ti fò dìde, ẹ̀pà ti dà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, ẹsẹ̀ wọn ò sì lè tètè sọdá.

“Àbẹ̀kẹ́!” ni wọ́n ké sí mi láti ibẹ̀, gbogbo títì sì gbọ́. “Gbé e! Bó bá jẹ́ òun ni, sọ fún un pé kó dìde!”

Mo gbé e. Òun ni. Mo ní, “Bọ̀dá Bọ̀dé, Ìyá Àgbà ní kẹ́ ẹ dìde.”